Ojú Ni Mo Ń Wò, Kì Í Ṣe Léèsì

Kámẹ́rà kò mọ ìyàwó yàtọ̀ sí ògiri. Ohunkóhun tí a bá kọjú rẹ̀ sí, àwọ̀ eérú ló máa ń fẹ́ sọ ọ́ dà. Bí ìyàwó bá wọ léèsì funfun, kámẹ́rà á gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì ṣókùnkùn. Òdìkejì ni ti agbádá ẹtù: á fi ìmọ́lẹ̀ kún un títí iwájú orí bàbá á fi funfun.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo ti ń wọn ìmọ́lẹ̀. Mo máa ń ní kí kámẹ́rà wo ibi kékeré kan péré. Bí àwọ̀ ẹni náà bá dúdú dáadáa, mo máa ń dín ìmọ́lẹ̀ tó bá ní kí n lò kù sí ìdajì. Ọlọ́run ò ṣe àṣìṣe kankan lára dúdú tó ń dán yẹn tí ẹ̀rọ fi ní láti bá a tún un ṣe.

Nọ́ńbà ojú lẹ́ńsì ló máa ń da àwọn ọmọ iṣẹ́ láàmú, torí bó bá ṣe kéré tó ni ojú náà ṣe ń fẹ̀ tó. Lẹ́ńsì 50mm, ní f/2, ihò rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 25. Ní f/8, díẹ̀ ló fi ju 6 lọ. f/2 dára fún ìyàwó nìkan, ṣùgbọ́n bí ẹbí bá to ìlà méjì, f/8 ni, kí ojú àwọn tó wà lẹ́yìn má bàa di bàìbàì. ISO ní tirẹ̀ kì í mú ìmọ́lẹ̀ wọlé. Èyí tó ti wọlé ló ń sọ di ńlá, tòun ti ìdọ̀tí inú rẹ̀.

Àwọn àgbà onífíìmù kì í wọn òòrùn ọ̀sán: f/16, ISO 100, ṣọ́tà 1/125 ìṣẹ́jú àáyá, ó parí. Ṣùgbọ́n òjìji gèlè máa ń bo ojú, nítorí náà abẹ́ kánópì ni mo máa ń kó àwọn màmá lọ.

Ṣọ́tà yìí, tó ń pinnu bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa pẹ́ tó ní wíwọlé, ni mo fẹ́ràn jù. Bí onídùndún bá ń lù, 1/500 ìṣẹ́jú àáyá á dá kọ̀ǹgọ́ dúró gbagidi, àfi bí ẹni tí kò lu nǹkan kan. Ní 1/60, bí orí rẹ̀ bá dúró, ojú á mọ́ kedere, ọwọ́ á sì máa fò. Àwọn oníbàárà kan á ní, “Ọwọ́ ẹ̀ ò kílíà o.” Mo máa ń ya méjèèjì, ṣùgbọ́n ti 1/60 ni mo kọ́kọ́ ń fi hàn wọ́n.