Ìṣòfin-fún-ara-ẹni àti Ìdáṣiṣẹ́: Àríwísí lórí Lílo Ọ̀rọ̀ "Autonomy" fún Ènìyàn àti Ẹ̀rọ

Inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà "autonomy" ti ṣẹ̀: autos ni "ara ẹni", nomos ni "òfin". Ìlú tó ń ṣòfin fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀. Ní 1785, Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Jámánì, sọ ọ́ di ìpìlẹ̀ ìwà rere. Lójú tirẹ̀, ẹni tó kàn ń ṣe ohun tó wù ú kò tíì dé ibẹ̀. Ẹni tó fi làákàyè gbé òfin kalẹ̀, tó sì fi ara rẹ̀ sábẹ́ òfin náà, ló dé ibẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe é bá wí, nítorí ó lè dáhùn fún ìwà rẹ̀.

Ohun mìíràn ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní lọ́kàn. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ̀rọ tó lè ṣiṣẹ́ fún ìgbà kan láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀ ni. Ènìyàn ló yan iṣẹ́ fún un. Ènìyàn náà ló pinnu ohun tí yóò kà sí àṣeyọrí.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní oṣù kẹta 2018, ní ìlú Tempe ní Arizona, ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ awara-rẹ̀ kan tí Uber ń dán wò pa obìnrin kan tó ń sọdá títì. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé ẹ̀rọ náà ti rí i ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5.6 ṣáájú, ṣùgbọ́n kò dá a mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ta ló dé ilé ẹjọ́? Ẹni tó jókòó síbi ìdarí ọkọ̀ ni. Ní 2023 ó gbà pé òun jẹ̀bi. Kò sẹ́ni tó pe ọkọ̀ lẹ́jọ́. Ẹgbẹ́ SAE International pàápàá, tó pín ìwakọ̀ ẹ̀rọ sí ìpele 0 dé 5, gbani nímọ̀ràn pé kí a yé pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní "autonomous".

Nítorí náà, bí a bá túmọ̀ méjèèjì sí "òmìnira" nínú kíláàsì, à ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú ni. Àbá wa ni pé kí "ìṣòfin-fún-ara-ẹni" jẹ́ ti ènìyàn, kí "ìdáṣiṣẹ́" jẹ́ ti ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì tí kò tọ́ sí i, olùkọ́ kò ní lè sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Ẹ̀rọ lè dá ṣiṣẹ́. Àwa ni yóò dáhùn.