Stardew Valley ní Ojú Àgbẹ̀ Ilẹ̀ Kàbà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé eré orí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kò tó ohun tí lámèyítọ́ ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lé lórí. Èrò tèmi yàtọ̀ sí tiwọn. Ibi tí ìtàn bá wà, tí àwọn ènìyàn inú ìtàn náà bá ní ìwà, tí ọgbọ́n kan sì fara pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ fún wa. Eré tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni Stardew Valley, eré àgbẹ̀ tí ó kún fún iwin àti idán. Ará Amẹ́ríkà kan, Eric Barone, ni ó dá a ṣe: òun ni ó kọ ìtàn rẹ̀, òun ni ó ya àwòrán rẹ̀, òun náà ni ó ṣe orin inú rẹ̀. Ó lo ọdún tí ó ju 4 lọ nídìí iṣẹ́ náà kí ó tó gbé e jáde ní oṣù kejì ọdún 2016. Eré Harvest Moon, tí àwọn ará Japan gbé jáde ní ọdún 1996, ni ó fi ṣe àwòkọ́ṣe. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, iye tí a ti tà nínú rẹ̀ ti ju mílíọ̀nù 40 lọ. Ohun tí ó gbilẹ̀ tó báyìí láàárín àwọn ọ̀dọ́, kò yẹ kí àwa olùkọ́ fi ọwọ́ rọ́ ọ tì.

Ìtàn náà kò gùn. Bàbá àgbà kan wà lórí ibùsùn ikú. Ó fún ọmọ ọmọ rẹ̀ ní lẹ́tà kan, ó ní kí ó má ṣe ṣí i títí di ọjọ́ tí ìnira ayé bá fẹ́ borí rẹ̀. Ọmọ náà dàgbà, ó di akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Joja. Nígbà tí iṣẹ́ náà sú u, ó ṣí lẹ́tà, ó sì rí i pé bàbá àgbà ti fi oko rẹ̀ sílẹ̀ fún òun ní ẹ̀bá ìlú kékeré kan. Ó padà sí oko, ó bá a tí igbó ti bò ó. Irúgbìn 15 péré ni a fún un láti fi bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta, bàbá àgbà ti ọ̀run dé wá wo iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì tan àbẹ́là fún un gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti tó. Àbẹ́là 4 ni ti ẹni tí ó ṣe dáadáa jù lọ.

Ibí yìí ni ẹwà eré náà wà. Àwa ará ilẹ̀ Okun, ìbáà jẹ́ Owé ti Kàbà, ìbáà jẹ́ Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú tàbí Ọ̀wọ̀rọ̀, a kò nílò àlàyé lórí bàbá tí ó kú tí ó sì ń padà wá béèrè ohun tí ó fi sílẹ̀. Ìlú tí ó mọ egúngún mọ èyí. Owó nìkan kọ́ ni bàbá àgbà náà sì ń wò. Ó ń wò ó bóyá ọmọ rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ láàárín ìlú, bóyá ó ti ṣe ìgbéyàwó, bóyá ó ti tún gbọ̀ngàn ìlú ṣe. Bí ìdájọ́ rẹ̀ kò bá tẹ́ ọmọ lọ́rùn, ọmọ lè gbé òkúta dáyámọ́ńdì sí ojúbọ bàbá àgbà, kí ó lè tún iṣẹ́ náà wò. Ẹni tí ó bá mọ ètùtù yóò mọ ohun tí èyí jọ.

Ìyìn mìíràn tún wà. Nínú ìtàn àròsọ tiwa, láti ìgbà tí D. O. Fágúnwà ti gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938, ọdẹ ni a máa ń rán lọ pàdé iwin. Àgbẹ̀ kì í sábà rí ipò akọni. Barone gbé ọkọ́ lé akọni lọ́wọ́. Oṣó ń bẹ nínú eré rẹ̀, ihò kùsà tí ó kún fún ẹranko abàmì ń bẹ níbẹ̀, àwọn iwin kéékèèké tí à ń pè ní Junimo náà ń bẹ. Síbẹ̀, oko ni gbogbo wọn yí ká.

Ṣùgbọ́n kí ni àgbẹ̀ Kàbà yóò sọ bí ó bá rí oko náà? Iṣu ń bẹ nínú eré yìí, ọjọ́ 10 ni ó sì fi ń ta. Èyí yóò pa á ní ẹ̀rín. Ẹni tí ó ti kọ ebè, tí ó gbin èbù, tí ó fi ọ̀pá gbé ìtàkùn rẹ̀, mọ̀ pé oṣù 7 tàbí 8 ni yóò fi máa wo ojú ọ̀run. Kọfí náà ń bẹ níbẹ̀. Ọjọ́ 10 ni òun pẹ̀lú fi ń so. Ní Ìjùmú àti Yàgbà tí a ti ń gbin kọfí, ọdún bíi 3 ni igi rẹ̀ ń lò kí olóko tó rí èso gidi ká. Ilẹ̀ inú eré kì í ṣá, nítorí náà kò sí ẹni tí ó ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí ó sinmi.

Mo dárí gbogbo èyí jì í. Ìtàn a máa gé ọdún kúrú. Bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni yóò jókòó gbọ́ ọ? Òfin àsìkò sì wà nínú eré náà: ohun tí a bá gbìn pẹ́ jù yóò kú mọ́ ilẹ̀ nígbà tí àsìkò bá yí padà.

Àléébù tí n kò lè fojú fò ni ti ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́. Àgbẹ̀ inú eré náà mọ orúkọ gbogbo ará ìlú, ó mọ ọjọ́ ìbí wọn, ó sì ń fún wọn ní ẹ̀bùn kí ìfẹ́ wọn sí i lè máa pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ wọ̀nyí gbé ọkọ́ wá bá a ro oko. Bí ó bá gbéyàwó, ìyàwó a máa bá a bomi rin ohun ọ̀gbìn nígbà mìíràn. Bí ó bá lówó, oṣó yóò kọ́ ahéré fún àwọn Junimo sí oko rẹ̀, wọn yóò sì máa bá a kórè. Iwin wá kórè, aládùúgbò kò wá! Gbọ̀ngàn ìlú tí ó ti wó, tí gbogbo ìlú ń wò níran, àlejò kan ṣoṣo àti àwọn iwin ni wọ́n tún un ṣe.

Báwo ni a ti ń ṣe é ní ilẹ̀ Yorùbá? Àwọn ẹgbẹ́ a máa ṣe àáró: wọn a ro oko ẹnì kan lónìí, wọn a ro ti ẹnì kejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Gbèsè iṣẹ́ ni, iṣẹ́ ni a sì fi ń san án. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ a máa bẹ ọ̀wẹ̀, yóò sì fi oúnjẹ àti ohun mímu gba àwọn tí ó wá. Ọkọ àfẹ́sọ́nà a máa kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí oko àna. Nínú eré Barone, òdòdó àti ẹ̀gbà ọrùn ni a fi ń fẹ́ ìyàwó. A kò gbọ́ ti oko àna rárá. Ẹ̀bùn ni ó fi rọ́pò iṣẹ́. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígé ọdún kúrú mọ́. Ohun tí iṣẹ́ àgbẹ̀ jẹ́ gan-an ni ó yí padà.

Ẹnìkan lè sọ pé láti ọdún 2018 ni ènìyàn púpọ̀ ti lè jọ ṣe eré náà pọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orí oko kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń ṣe é. Àáró kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Àwọn tí ààlà oko wọn yàtọ̀ ni wọ́n ń ṣe àáró, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá jìyà nínú ààlà tirẹ̀.

Bí mo bá tẹnu mọ́ èyí, kì í ṣe nítorí àríwísí lásán. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Okun ti lọ sí Èkó, Àbújá àti òkè òkun. Ọ̀pọ̀ oko bàbá àgbà ni igbó ti bò ní tòótọ́. Bí eré yìí bá mú ọ̀kan nínú wọn rántí ilé, iṣẹ́ rere ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá rò pé lẹ́tà àti ọkọ́ ti tó, kò ní pẹ́ tí oko yóò fi lé e padà sí ìgboro. Kì í ṣe àìlágbára ẹnì kan ni ó sọ oko di igbó. Ẹgbẹ́ tí ń ro oko ni ó tú ká. Ẹnì kan kò lè dá ṣe ìpadàbọ̀ náà.

Nítorí náà, n kò ní sọ pé kí olùkọ́ lé eré yìí kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Kí ó jẹ́ kí wọ́n ṣe é, lẹ́yìn náà kí ó rán wọn lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé wọn pé: ta ni ó ń bá yín ro oko nígbà náà, báwo ni ẹ sì ti ń san án padà? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ gbọ́n nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà lè ṣe eré mìíràn fún wa, èyí tí ẹni tí a bá bá ro oko lónìí kò ní rí ọwọ́ mọ́ lọ́la, àfi bí òun náà bá lọ san àáró tí ó jẹ.