Ìsọdipúpọ̀: Ohun Tí Etí Gbọ́ àti Ohun Tí Ọwọ́ Kọ

Nígbà tí Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 lábẹ́ ìdarí Babs Fáfúnwá, èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò jálẹ̀ ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó hàn pé Yorùbá tó fi kọ́ni. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù ni bóyá ọ̀nà ìṣirò tí a yá bá òǹkà Yorùbá mu.

Ẹ wo 18 lọ́nà 16. Olùkọ́ to ọ̀kan lórí èkejì, ó ní: “Mẹ́fà lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ méjìdínláàádọ́ta, kọ 8 sílẹ̀, fi 4 pamọ́.” Níbo ni ọmọ ti gbọ́ mẹ́rin tàbí mẹ́jọ nínú méjìdínláàádọ́ta? Àádọ́ta ó dín méjì ni etí rẹ̀ gbọ́. Wọ́n á ní olódo ni. Bẹ́ẹ̀, èdè ló gbọ́ yé.

Orúkọ náà sì ní ọ̀nà tirẹ̀ nínú. Méjìdínlógún jẹ́ ogún ó dín méjì. Ogún lọ́nà 16 jẹ́ 320; méjì lọ́nà 16 jẹ́ 32; yọ 32 kúrò nínú 320, ó ku 288. Ọmọ lè ṣe é láìmú gègé. Lóòótọ́, bí ó bá di 347 lọ́nà 268, ọ̀nà yìí á wúwo, títo nọ́ńbà ni yóò yá jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló yẹ kí títò wà, kì í ṣe iwájú.

Àwọn tó dábàá pé kí òǹkà Yorùbá di ti ẹ̀wá-ẹ̀wá pátápátá fẹ́ fi orí bíbẹ́ wo orí fífọ́. Hausa ní sha takwas fún 18, ó tún ní ashirin biyu babu: olùkọ́ wọn lè fi ti àkọ́kọ́ to nọ́ńbà, kó fi èkejì ṣe ìṣirò àfọkànṣe.