Awakọ̀ Tó Kọ̀ Láti Balẹ̀

Ẹsẹ̀ bàálù kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀ Accra nígbà tí awakọ̀ tún gbé e padà sókè. A ti rí òrùlé ilé, a ti rí iná mọ́tò tó tò lẹ́sẹẹsẹ nínú òjò, ẹni tó jókòó lẹ́yìn mi tiẹ̀ ti tan fóònù rẹ̀. Àfi gbàù tí ẹ́ńjìnnì bú, tí imú bàálù kọjú sókè, tí ẹ̀yìn wa lẹ̀ mọ́ ìjókòó. Ẹnì kan ké "Jésù!" níwájú, ẹlòmíràn ń pe Ọlọ́run lédè Lárúbáwá lápá ẹ̀yìn. Èmi di apá ìjókòó mú bí ẹni di okùn kànga.

Ẹ̀rù bàálù tó ń bà mí, mo mọ ọjọ́ tó wọ̀ mí lára. Lọ́jọ́ Sátidé, 2 oṣù Kẹfà ọdún 2012, bàálù akẹ́rù kan, Boeing 727, gbéra láti Èkó lọ sí Accra. Òjò wà nílẹ̀ nígbà tó balẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Kotoka. Ojú ọ̀nà tán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó já ọgbà, ó sì lọ kọlu bọ́ọ̀sì èrò kan lójú títì Giffard. Àwọn mẹ́rin tó wà nínú bàálù yè é. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì, tí wọn ò bá ẹnikẹ́ni wọ bàálù, ni kò yè é. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, bàálù Dana tó ń bọ̀ láti Àbújá já lulẹ̀ ní Ìjú-Ìṣàgá l'Ékòó, gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ a ò tíì nu omijé àwọn ọmọ ilé ìwé Loyola tó kú nínú bàálù tó já ní Port Harcourt lóṣù Kejìlá 2005 tán, àti ti Sultan Sókótó, Maccido, tó bá bàálù tó já l'Ábújá lọ lóṣù Kẹwàá 2006. Ojú ọjọ́ kò dára nígbà méjèèjì yẹn. Láti ọdún 2012 yẹn, tí ọ̀run bá ti ṣú, inú mi a máa dàrú.

Ohun tó bá mi dín ẹ̀rù náà kù ni pé mo kọ́ bí a ṣe ń wo iṣẹ́. Mo kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń wo apá bàálù. Mo máa ń tọrọ ìjókòó etí fèrèsé tó wà lókè apá, torí gìrìgìrì mọ níwọ̀n níbẹ̀ ju ìdí bàálù lọ. Ṣónṣó apá yẹn ń jù sókè, ó ń jù sílẹ̀, bí imọ̀ ọ̀pẹ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ó fẹ́ kán ni. Àṣé títẹ̀ tó ń tẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kó kán. Lóṣù Kìíní ọdún 1995, àwọn ẹlẹ́rọ Boeing so apá 777 mọ́lẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ wọn, wọ́n ń fà á sókè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi ga ju mítà méje lọ kó tó kán. Agbára tó ṣẹ́ ẹ ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ èyí tó wúwo jù tí wọ́n retí pé ó lè bá pàdé láyé rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ ba iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn jẹ́ kí èmi lè jókòó lé e, mo máa ń rántí wọn tí bàálù bá wọ gálọ́ọ̀pù.

Èyí tó ṣòro ju gálọ́ọ̀pù lọ ni ìjì tó wà nítòsí ilẹ̀. Lágbègbè tiwa yìí, ìjì ńlá máa ń rìn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà kan náà tí bàálù Èkó ń tọ̀ lọ sí Accra. Bàálù lè lé e bá, kí wọ́n jọ dé ẹnu ọ̀nà. Ojú ọ̀nà ìbàlẹ̀ kan ṣoṣo ni Kotoka ní, ó gùn tó mítà 3,403. Atẹ́gùn tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ń ti orí òkun wá, nítorí náà bàálù sábà máa ń gba ẹ̀yìn ìlú wọlé, kó kọjú sókun, kí atẹ́gùn máa fẹ́ ẹ níwájú, kí ó lè bá a dín eré kù. Tí ìjì bá dé, atẹ́gùn lè yí bìrí, kó máa ti bàálù lẹ́yìn. Nígbà náà, ojú ọ̀nà tó gùn di kúkurú, pàápàá tí omi bá dúró sórí rẹ̀.

Ibi tí awakọ̀ wa wà lọ́jọ́ náà nìyẹn, lóṣù Kẹfà, nígbà tí òjò Accra ń rọ̀ jù lọ. Ó ti rí ilẹ̀. Èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló fẹ́ kó balẹ̀, àwọn tó wá pàdé wa ti ń dúró. Ó sì kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá ni: kó ti ọwọ́ ẹ́ńjìnnì síwájú pátápátá, kó gbé imú sókè, kí ẹnì kejì rẹ̀ ká abẹ́bẹ̀ ẹ̀yìn apá díẹ̀, kó wo aago, kó sọ ọ́ jáde pé bàálù ti ń gòkè lóòótọ́, kí wọ́n tó ká ẹsẹ̀ bàálù. Ẹnì kan ń wà á, ẹnì kejì ń ṣọ́ ọ, ohun tí wọ́n ń sọ síra wọn kì í yí padà. Mo gbọ́ bí táyà ṣe wọlé lábẹ́ wa: gbì, gbì. Ìró iṣẹ́ tó ń lọ létòlétò ni.

Màmá kan ló jókòó tì mí, oníṣòwò aṣọ. Lagos Town ní Accra ni wọ́n bí i sí, kí ìjọba Busia tó lé àwọn àjèjì lọ́dún 1969. Láti ọmọdé, mọ́tò ló fi ń gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu àti Lomé kọjá. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò, ọmọ Yorùbá, ti kúnlẹ̀ tì í kí gìrìgìrì tó bẹ̀rẹ̀. Ó tú bẹ́líìtì tí màmá dè sórí ikùn, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí egungun ìbàdí, ó fà á le, ó sì fi ìka méjì dán an wò.

"Ọmọ mi, ṣé kò séwu?"

"Atẹ́gùn ni, mà. Ẹ máa wo ojú mi. Tí ẹ bá rí i tí mo lọ jókòó tí mo so ara mi mọ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ẹ mí sínú, ẹ wá rọra mí síta, kó pẹ́ ju bó ṣe wọlé lọ."

Màmá gbọ́. Nígbà tí bàálù bú sókè, ojú ọmọ náà ló tẹjú mọ́ níwájú lọ́hùn-ún, níbi tó jókòó sí, àtẹ́lẹwọ́ lábẹ́ itan, ojú rẹ̀ rọ̀ bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Mo bá màmá wo ojú yẹn. Bẹ́líìtì tó fà le yẹn kì í ṣe kékeré: lóṣù Karùn-ún 2024, bàálù Singapore Airlines tó ń bọ̀ láti London kó sínú gìrìgìrì lókè Myanmar, èrò kan kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa, pàápàá àwọn tí kò so ara wọn mọ́lẹ̀.

Kò pẹ́ tí kápútẹ́ẹ̀nì fi sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò yára. Ó ní atẹ́gùn yí padà mọ́ òun lọ́wọ́, òun ò fẹ́ràn rẹ̀, a máa rábàbà lórí òkun títí ìjì á fi kọjá, epo wà. Mo mọ ìtumọ̀ "epo wà" yẹn. Bàálù kì í gbéra pẹ̀lú epo tó kàn máa gbé e débi tó ń lọ. Ó gbọ́dọ̀ ní èyí tó máa gbé e lọ sí pápákọ̀ mìíràn, Lomé bí àpẹẹrẹ, àti ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí rẹ̀. Àwọn kan ti ṣírò ìdúró wa yìí l'Ékòó, kí a tó wọlé jókòó.

A rábàbà. Fèrèsé apá òsì ń fi òkun hàn, ti apá ọ̀tún ń fi ògiri ìkùukùu dúdú tí mànàmáná ń là hàn. A ò sún mọ́ ọn. Rédà tó wà nímú bàálù ń fi àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti pupa han awakọ̀, awakọ̀ sì ń yà fún pupa bí ẹni rí màlúù alágídí lójú ọ̀nà. Nígbà tí a padà wọlé, òjò ti rọlẹ̀. Ó gbé bàálù lélẹ̀ gìdì, kò rọra: lórí ilẹ̀ tútù, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, kí táyà lè la omi kan ilẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Màmá ní òun ò ní sọ̀kalẹ̀ láìkí i. Ilẹ̀kùn iwájú ti ṣí, awakọ̀ dúró síbẹ̀, ọmọ Ghana, irun rẹ̀ ti ń funfun. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú: "O ṣeun, ọmọ mi, tí o ò kánjú." Ọmọbìnrin náà túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹrí ba fún màmá, ó sì yí padà sínú yàrá rẹ̀ láti lọ kọ ìwé ìrìn àjò náà. Ìgbà yẹn ni mo rí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Ó tutù rinrin fún òógùn, láti èjìká dé ìdí bẹ́líìtì.