Agbára "Ìbá": Churchill àti Ìṣọ̀kan Àwọn Elédè Gẹ̀ẹ́sì

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ kékeré kan, "ìbá", tí í máa gbé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ró lójú ẹni. Bí ẹnìkan bá ní, "Ìbá ṣe pé mo tètè dé," a ti mọ̀ pé ó pẹ́ dé. Nínú àròkọ tí Winston Churchill kọ sínú ìwé tí J. C. Squire ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1931, ó yí ọ̀rọ̀ yìí sódì. Akọ̀tàn inú rẹ̀ ń gbé ayé tí Ọ̀gágun Lee ti Gúúsù Amẹ́ríkà ti borí ní Gettysburg ní 1863. Òun ni ó wá ń bi wá pé, kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ́gun Lee? Òtítọ́ di àlá, àlá di òtítọ́. Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ mi púpọ̀.

Láti ibẹ̀ ni ó ti fa ọ̀rọ̀ dé 1905, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà méjèèjì, ti Àríwá àti ti Gúúsù, so pọ̀ di ẹgbẹ́ kan. Ẹgbẹ́ náà ni kò jẹ́ kí ogun 1914 bẹ́ sílẹ̀.

Ta ni kò ní fẹ́ irú ayé bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lè bá Gúúsù dá májẹ̀mú, òwò ẹrú àti oko ẹrú gbọdọ̀ kásẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, Lee wọ Washington, ó kéde òmìnira, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ìpìlẹ̀ Gúúsù ti 1861 ti kọ̀ ọ́ pé a kò gbọdọ̀ ṣe òfin tí yóò gba ẹrú lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Àwọn ẹrú Amẹ́ríkà ní 1860 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin. Nígbà tí ọmọ-ogun Lee wọ Pennsylvania ní 1863 kan náà, ńṣe ni wọ́n ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, àti àwọn tí a bí ní òmìnira pàápàá, tí wọ́n ń kó wọn lọ sí Gúúsù. Ọ̀gá irú ogun bẹ́ẹ̀ ni Churchill fi ìdáǹdè lé lọ́wọ́.

Àwọn kan lè ní eré ni àròkọ náà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi "ìbá" ṣeré lè yí àbájáde ogun padà. Bí ó bá tún fẹ́ yí ọkàn àwọn jagunjagun padà, ó yẹ kí ó fi ọ̀nà rẹ̀ hàn wá. Akọ̀tàn náà sì ka ẹ̀tọ́ ìdìbò fún àwọn tí a dá sílẹ̀ sí àjálù tí ayé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Níhìn-ín ni eré náà sú mi. Mo wá ibi tí àwọn wọ̀nyí ti dá sí ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan 1905 náà, n kò rí i. Gẹ̀ẹ́sì sì ni àwọn náà ń sọ.