Kí Ni Wọ́n Ń Pè Ní Pupa? Lámèyítọ́ lórí Ojú Sydonia

Bí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ lámèyítọ́, ìwé ìtàn, ewì tàbí eré orí ìtàgé ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Èmi kò lòdì sí èyí, nítorí ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní líísè nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kan wà tí ó ń pinnu ohun púpọ̀ nínú ayé àwọn oníṣòwò wa ju ìwé ìtàn lọ, síbẹ̀ tí àwọn lámèyítọ́ kì í bójú wò. Ojú kọ̀ǹpútà ni mò ń wí, èyí tí àwọn aṣọ́bodè ń wò kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹrù kọjá. Sydonia ni orúkọ ètò náà. Ìbéèrè tí a máa ń bi gbogbo ìwé ni mo fẹ́ bi í: ta ni a ṣe é fún, ṣé ẹni náà sì lè kà á?

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni ìdí ètò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1981, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, CEDEAO, bẹ CNUCED, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí òwò, pé kí ó ran òun lọ́wọ́ láti ṣàkójọ ìṣirò ọjà tí ń wọlé àti èyí tí ń jáde. Láti inú ẹ̀bẹ̀ yẹn ni Sydonia ti jáde, ó sì ti tàn dé orílẹ̀-èdè àti agbègbè tí ó lé ní 100. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà lára wọn.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti sọ. Transitaire tí ń bá oníṣòwò ṣe ìwé yóò kọ orúkọ ẹni tí ó fi ẹrù ránṣẹ́ àti ti ẹni tí yóò gbà á, ìwọ̀n ẹrù, iye owó rẹ̀ àti nọ́ńbà irú ọjà náà sínú àwọn àpótí kéékèèké tí a tò sójú kọ̀ǹpútà. Ètò náà yóò ṣírò owó bodè, yóò wo ewu tí ó lè wà nínú ẹrù náà, yóò sì fi àwọ̀ dáhùn. Àwọ̀ ewé ni pé kí ẹrù máa lọ. Àwọ̀ ìyeyè ni pé kí a yẹ ìwé rẹ̀ wò. Àwọ̀ pupa ni pé kí a tú ẹrù náà wò. Àwọ̀ aró ni pé kí ó máa lọ, ṣùgbọ́n a ó padà yẹ ìwé rẹ̀ wò bí ó bá yá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yin ohun tí ó tọ́ sí ìyìn. Àwọn tí ó ṣe ètò yìí kò da òṣìṣẹ́ láàmú: ìwé tí ó ti mọ̀ ni wọ́n gbé sójú kọ̀ǹpútà fún un. Wọ́n tún fún àpótí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Àpótí 2 jẹ́ ti olùfiránṣẹ́, 8 jẹ́ ti olùgbà, 31 jẹ́ ti àpèjúwe ẹrù, 33 sì jẹ́ ti nọ́ńbà irú ọjà. Ẹni tí ń sọ Faransé àti ẹni tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lè tipa bẹ́ẹ̀ jọ sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sín sókùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Oníbodè tí ó jókòó sẹ́nu odi ìlú kò ní láti ka owó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Okùn ni yóò kà. Ohun tí a tò dáradára máa ń dín wàhálà ojú àti ọwọ́ kù.

Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fara wé yìí náà ni ó bí àbùkù àkọ́kọ́. Lórí ìwé, gbogbo àpótí jọ ara wọn, wọ́n sì jọ ara wọn bẹ́ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Àṣìṣe lẹ́tà kan nínú orúkọ àdúgbò kò ba ohun púpọ̀ jẹ́. Àṣìṣe nínú àpótí 33 lè yí owó bodè padà pátápátá. Àwọn tí ó ṣètò nọ́ńbà tí a ń kọ sára kọ̀ǹténà mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn lè ṣì: lẹ́yìn lẹ́tà mẹ́rin àti nọ́ńbà mẹ́fà, wọ́n fi nọ́ńbà keje kún un, èyí tí a ń ṣírò láti inú àwọn tí ó ṣáájú, kí àṣìṣe lè tú ara rẹ̀ fó. Nọ́ńbà irú ọjà kò ní irú olùṣọ́ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ọjà tiwa kì í fìgbà gbogbo bá ìpín rẹ̀ mu. Ẹ̀lùbọ́ iṣu àti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́, tí ìyá ọlọ́jà kan kò lè pè ní ohun kan náà, inú ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé: 1106.20.

Àbùkù kejì ni ó ká mi lára jù, àwọ̀ sì ni. Ní kíláàsì mi, mo gbé páálí mẹ́ta kalẹ̀: ọ̀kan rí bí ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan bí ìyeyè tí ó pọ́n, ọ̀kan bí ewé. Mo ní kí àwọn ọmọ fi Yorùbá pe àwọ̀ wọn. Púpọ̀ nínú wọn pe méjì àkọ́kọ́ ní pupa. N kò fi ìdá wọn lẹ́bi, nítorí wọn kò ṣì í: epo pupa, ẹ̀jẹ̀ pupa, ènìyàn pupa, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Wàyí o, ẹ fojú inú wo ìyá kan tí ó jókòó ti àpò ẹrù rẹ̀ ní bodè Ìgólo, tí wọ́n pè é lórí fóònù pé, «Ìyá, ó yọ pupa.» Pupa wo? Ṣé kí ó wá ìwé ni, àbí kí ó wá alábàárù tí yóò tú ẹrù? Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ẹni yẹn lè sọ ìyeyè di ẹ̀jẹ̀, kí ó sì gbowó ìbẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọkùnrin kan wà ní ìlú gbogbo tí ojú wọn kò lè ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé.

Ibí yìí ni àrokò ti lè kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ mọ̀ pé olùgbà yóò gbọ́ «ẹ̀fà», yóò sì mọ̀ pé ọkàn òun fà sí i. Inú èdè olùgbà ni àmì náà ń gbé. Àmì tí ó yé olùfiránṣẹ́ nìkan kì í ṣe àrokò. Ẹrù lásán ni.

Àwọn kan yóò ní òṣìṣẹ́ ni a ṣe Sydonia fún, kì í ṣe ọlọ́jà, àti pé Faransé ni èdè ìjọba. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó ọlọ́jà ni ètò náà ń ṣírò, ẹrù rẹ̀ ni ó ń dá dúró, Yorùbá sì ni èdè tí a ń sọ ní ìhà méjèèjì bodè náà. Ẹni tí a ń ṣèdájọ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ìdájọ́ náà. N kò sọ pé kí wọ́n pa Faransé rẹ́. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé kí àwọ̀ má ṣe dá sọ̀rọ̀ mọ́, kí ọ̀rọ̀ ìṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì lè fi í ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tí ó ni ẹrù: «Máa lọ.» «Ẹ mú ìwé wá.» «A ó tú ẹrù wò.» «Máa lọ, a ó yẹ̀ ọ́ wò lẹ́yìn.»

Ẹgbẹ́ wa lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láì dúró de ẹnikẹ́ni. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọjà Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, kí wọ́n gbọ́ bí àwọn ọlọ́jà ti ń pe àwọ̀, ẹrù àti ìwé, kí a sì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà. Ẹnu odi Àkàbà Ìdènà ṣì wà ní Kétu láti rán wa létí pé ìlú tí ó ní bodè gbọ́dọ̀ ní oníbodè. Ṣùgbọ́n oníbodè àtijọ́ ń fi èdè àlejò tàbí èdè onílé dáhùn; kò jẹ́ fi àwọ̀ nìkan dá ènìyàn dúró sójú oòrùn.