Àmì Ohùn Nìkan Kò Tú Pọ́nna: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ ‘Wọ́n’

Èrò kan wọ́pọ̀ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé bí a bá ti fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ Yorùbá, pọ́nna ti kúrò níbẹ̀. Òótọ́ ni pé àmì ohùn ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ gbólóhùn yìí wò:

Wọ́n ti kó owó náà lọ.

Àmì ohùn rẹ̀ pé, síbẹ̀ ìtumọ̀ mẹ́ta ni ó ní. ‘Wọ́n’ lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó lè jẹ́ àgbà kan ṣoṣo tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Ó sì lè jẹ́ olùṣe tí a kò mọ̀. Bí ‘Bàbá ti dé’ bá ṣáájú rẹ̀, àgbà náà ni a óò kọ́kọ́ rò. Ọ̀gangan-ipò ni ó tú pọ́nna yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ní kóòtù, ògbufọ̀ tí ó ń túmọ̀ ẹ̀rí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń ní láti yan ẹnì kan tàbí ọ̀pọ̀. Bí ó bá ṣì í yàn, àgbà kan lè di ẹgbẹ́ olè. Nítorí náà, kí àwa olùkọ́ máa fi gbólóhùn sínú ọ̀gangan-ipò kí a tó bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀.